Ẹ Bá Mi Gba Àdúrà Náà Padà

Fìdítì,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, 2024.

Máyọ̀wá ọmọ mi,

Ṣé òtútù ibẹ̀ ti ń dẹwọ́? Ní tiwa níbí, oòrùn ń nà wá lẹ́gba bí ọ̀gá ilé-ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé òun ti dé.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ni mo tún ń kọ lẹ́tà sí nígbà tí fóònù wà. Fóònù náà ni mo fi ya fọ́tò ìwé yìí ránṣẹ́ sí ọ, nítorí náà kò sí ìjà láàárín èmi pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn tí o máa ń gbà sílẹ̀ sórí WhatsApp, bí mo bá gbọ́ ọ tán, kò sí ibi tí mo lè fi bírò pupa fà nílà. Mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ojú mi ni kò tíì fẹ̀yìntì.

Díákónì Olúṣèyí dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. O mọ̀ pé bó bá ti fa agbádá rẹ̀ lé èjìká lẹ́ẹ̀kejì, kí oníkálùkù yáa wá ibi tó rọ̀ jókòó sí. Ó kéde fún ìjọ pé ọmọ wa, Máyọ̀wá Adéwùnmí, ni àwọn ará Jámánì ń bẹ̀ kó wá bá wọn rọ mọ́tò. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ìyá Ànúolúwapọ̀ tó jókòó tì mí bi mí bóyá aláwọ̀ pupa wà nínú èyí tí ò ń rọ.

Èmi náà pàtẹ́wọ́, nítorí ojú ń wò mí. Ṣùgbọ́n mo ń bi ara mi pé, kí tilẹ̀ ni ọmọ yìí ń ṣe gan-an? Ó di ọdún mẹ́ta tí o ti lọ, ohun tí mo mọ̀ kò ju pé irin wà níbẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n kan sì wà níbẹ̀ tí inú rẹ̀ kì í dùn. Kọ ọ́ fún mi bí ẹni ń kọ ọ́ fún ọmọ Pírámárì Mẹ́rin. Má fi gírámà bò mí lójú, mo ti mọ gírámà kí a tó bí ọ.

Ohun kan tún wà. Ohùn rẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá dà bí ohùn ẹni tó ń sunkún sínú ife tíì. Kí ló ń ṣe ọ́?

Èmi ni ìyá rẹ tí kò mọ irú mọ́tò tí ò ń rọ,
J. Adéwùnmí.


Aachen, Jámánì,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta, 2024.

Mọ́mì mi,

Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà. Ẹ kú oòrùn, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Yìnyín já lulẹ̀ níbí lánàá. Gbogbo ènìyàn ní ó ti yẹ kó lọ, kò gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Díákónì pé mi ò rọ mọ́tò kankan. Irin ni mò ń fà já. Irin pẹlẹbẹ ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe bọ́dì mọ́tò. Wọ́n á gé e kó fẹ̀ lókè, kó fẹ̀ nísàlẹ̀, kó wá tín-ín-rín láàárín. Ẹ̀rọ á di orí rẹ̀ mú, á di ìdí rẹ̀ mú, á sì fà á títí yóò fi já. Àwa á wo bí agbára tó gbà ṣe pọ̀ tó. Iṣẹ́ mi nìyẹn, Mọ́mì: mò ń ba irin jẹ́, wọ́n sì ń sanwó oṣù fún mi.

Ìdí tí a fi ń ṣe é rèé. Bí a bá rọra fa irin, agbára rẹ̀ ní ibi tó mọ. Bí a bá já irin kan náà gbà lójijì, á le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dà bí ẹni tí a fi ìwàǹwára bá sọ̀rọ̀, tó wá gan ọrùn mọ́ni lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ mọ́tò kì í rọra kọlu igi. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, irin ti ká jọ. Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ṣe mọ́tò tí kò ní pa àwọn tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí irin ṣe lágbára tó nígbà eré, kì í ṣe nígbà ìrọra nìkan.

Irin tó rọ̀, gbogbo ayé ti mọ̀ pé ó máa ń le sí i dáadáa bí a bá yára fà á. Irin tuntun tó ti le látilẹ̀ ni a ń jiyàn lé lórí níbí. Èmi ní òun náà ń le sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní irọ́ ni.

Ibi tí wàhálà wà ni eré ẹ̀rọ náà. Bó bá ti sáré, ìlà tó ń yà sórí kọ̀ǹpútà á gbọ̀n jìgìjìgì, á yọ eyín bí ayùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ohun tó bá wu ènìyàn ló lè kà nínú eyín ayùn. Ó fún mi di ìparí oṣù kẹwàá. Bí mi ò bá lè fi ìlà tó mọ́ hàn án, wọn ò ní sọ àdéhùn mi dọ̀tun, n ó sì padà wálé láìgba oyè dókítà tí mo torí rẹ̀ wá. Ohun tí ẹ gbọ́ nínú ohùn mi nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, irin kan já, ìdajì rẹ̀ fò wá kọlu gíláàsì tó wà níwájú mi, gíláàsì sán. Kò ṣe mí ní nǹkan.

Ọmọ yín,
Máyọ̀wá.


Fìdítì,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹrin, 2024.

Máyọ̀wá,

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo tún un kà. Ibi tí irin ti fò kọlu gíláàsì ni ojú mi kọ̀ tí kò kúrò. "Kò ṣe mí ní nǹkan." Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ohun tí òun náà wí nìyẹn lọ́jọ́ tó fi Dátsùn wa gbá igi kaṣú ní Ìlora. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀, ó ní, "Josephine, kò ṣe mí ní nǹkan," bẹ́ẹ̀ iwájú mọ́tò ti ká bí ewé tí wọ́n tú ẹ̀kọ nínú rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló mà ń bọ̀ o. Ká ní eré ló ń sá ńkọ́? Mi ò fẹ́ parí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìwọ alára lo kọ ọ́ pé ibi tí wàhálà wà ni eré ẹ̀rọ náà. Mo fi bírò pupa fà á nílà. Nítorí náà mi ò káwọ́ gbera. Níbi ìpàdé àdúrà lánàá, mo dìde, mo ní kí ìjọ ràn mí lọ́wọ́: ẹ̀rọ kan wà ní Jámánì tó ń sáré ju bó ti yẹ lọ, ó sì ń fẹ́ gba oyè mọ́ ọmọ mi lọ́wọ́. Díákónì Olúṣèyí gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Ó fa agbádá. "Ìwọ ẹ̀rọ aláìgbọràn," ó ní, "ìwọ tí ń sá eré àsápajúdé nílẹ̀ Jámánì, mo pàṣẹ fún ọ, rọra. Gbogbo nọ́ọ̀tì àti bóòtù inú rẹ̀, ẹ gbọ́ ohùn mi, ẹ máa rìn jẹ́jẹ́." Àmín tí ìjọ ṣe, páànù orí ilé gbọ́ ọ. Ìyá Ànúolúwapọ̀ fò títí gèlè rẹ̀ fi tú.

Ó pẹ́ tí a ti gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Mo délé, mo sùn wọra.

Wọ ìbọ̀wọ́. Fi nǹkan bojú. Kí o sì máa fi gbogbo nǹkan ṣe jẹ́jẹ́.

Ìyá rẹ.


Aachen,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù karùn-ún, 2024.

Mọ́mì,

Ẹ kú ilé o.

Ta ló ní kí ẹ gba irú àdúrà yẹn? Eré ni mo nílò. Orí eré ni gbogbo iṣẹ́ mi dúró lé. Ohun tí mo sọ ni pé bí ẹ̀rọ bá sáré, ìlà rẹ̀ kì í mọ́. Mi ò ní kó má sáré mọ́.

Mi ò gbà pé irú nǹkan báyìí máa ń rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà sì mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n mo wo ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà yín. Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni fáàfù tó ń ti òróró sínú ẹ̀rọ bàjẹ́. Ẹ̀rọ ò kú. Ó ń ṣiṣẹ́. Ó kàn ń rìn jẹ́jẹ́ ni. Gbogbo nọ́ọ̀tì àti bóòtù inú rẹ̀ ló ń rìn jẹ́jẹ́. Wọ́n ní ó di oṣù kẹsàn-án kí fáàfù tuntun tó dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní bóyá ó dára bẹ́ẹ̀, kí n fi àsìkò náà ronú sí ohun mìíràn tí mo lè fi ayé mi ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀wé sí mi fún ìgbà díẹ̀. Kì í ṣe pé mò ń bá yín jà. Tàbí bóyá mò ń bá yín jà, mi ò mọ̀.

Máyọ̀wá.


Fìdítì,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún, 2024.

Àjọkẹ́ mi,

O ní kí n má kọ̀wé. Lẹ́tà kọ́ nìyí, ìròyìn ni.

Mo lọ bá Díákónì nílé rẹ̀. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ọsàn, ó sì ń bó o bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀.

"Díákónì," mo ní, "ẹ bá mi gba àdúrà náà padà."

"Àdúrà wo?"

"Ti jẹ́jẹ́."

"Ṣé kò gbà ni, Ìyá Máyọ̀wá?"

"Ó gbà. Bó ṣe gbà yẹn gan-an ni wàhálà."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo rí i pé inú rẹ̀ dùn, ó sì ń gbìyànjú kó má dùn lójú mi. "Ẹ̀rọ tó wà ní Jámánì," ó ní, "gbọ́ ohùn mi láti Fìdítì?"

"Ó gbọ́ o. Ẹ sọ fún un kó padà máa sáré."

"Ìyẹn ò ṣeé ṣe. Àṣẹ tó bá ti jáde kì í padà sẹ́nu. Kí ni ìjọ máa wí? Kí ni àwọn ará Ìlora máa wí?"

"Wọ́n á ní ẹ ṣi àdúrà gbà."

"Èmi ò ṣi àdúrà gbà. Ẹ̀yin lẹ ṣi ẹ̀bẹ̀ bẹ̀."

Ibẹ̀ ló ti mú mi, Àjọkẹ́, nítorí òótọ́ ni. Mo ka ìbéèrè dé ìdajì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Àìmọye ọmọ ni mo ti fún ní òdo nítorí irú ẹ̀. Mo gba òdo tèmi, mo tún gba ọsàn tó fi lé mi lọ́wọ́, mo wálé.

Mo dá gbàdúrà ní yàrá. Mi ò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni, mi ò dárúkọ nọ́ọ̀tì kankan. Mo kàn ní, "Olúwa, jọ̀ọ́, wo bí o ṣe máa ṣe é."

Ìyá rẹ, olódo.


Fìdítì,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù keje, 2024.

Àjọkẹ́,

WhatsApp ti fi àmì búlúù síwájú ìwé mi, mo mọ̀ pé o kà á. O ò dáhùn.

Àgbàdo ti jáde. Mo sè é, mo jẹ tìrẹ mọ́ tèmi, kò sì dùn tó bó ṣe yẹ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò pọ̀. Bí wọ́n bá ní kí o máa bọ̀ nílé, máa bọ̀. Mo ti kó iṣu kúrò ní yàrá rẹ, mo ti gbá a, mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá bi ọ́ pé kí lo mú bọ̀ láti Jámánì, kó wá bi mí. Mo ti fi ogójì ọdún dá àwọn aláìmọ̀kan lóhùn, mo ṣì lè fi díẹ̀ kún un.

Ìyá rẹ.


Aachen,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹwàá, 2024.

Mọ́mì mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, kí ẹ lè mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ náà jinlẹ̀. Ẹ foríjì mí nítorí àmì búlúù yẹn. Ìbínú ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Nígbà tó yá, iṣẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kó iṣu padà, ọ̀rọ̀ náà kò tíì yanjú.

Nígbà tí ẹ̀rọ ò lè sáré mọ́, mi ò ní nǹkan ṣe ju kí n jókòó tì í kí n máa wò ó. Mo wá ń ronú nípa rìímù lọ́rì tí wọ́n so rọ̀ sára igi máńgòrò nílé-ìwé yín, tí a fi ń ṣe agogo. Ẹ rántí pé èmi ni mò ń lù ú ní Pírámárì Márùn-ún. Bí mo bá fi ọ̀pá irin lù ú lẹ́ẹ̀kan péré, á máa dún lọ. Ẹ̀yin á máa pariwo láti kíláàsì, "Máyọ̀wá, ó tó," bẹ́ẹ̀ mo ti jáwọ́ tipẹ́. Rìímù ló ń dá sọ̀rọ̀. Àfi tí mo bá fọwọ́ dì í mú kó tó dákẹ́.

Nǹkan tó ń wọn agbára nínú ẹ̀rọ wa, òkè ni wọ́n dè é mọ́, ó jìnnà sí irin tí a ń fà, ó sì wúwo. Bí a bá já irin gbà lójijì, òun náà á máa dún bíi rìímù. Eyín ayùn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń rí, ohùn irin kọ́, ohùn rìímù ni. Mi ò lè fọwọ́ dì í mú. Ṣùgbọ́n mo lè gbé etí mi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kí n gbé e sára irin fúnra rẹ̀. Wáyà kan wà tó tín-ín-rín bí irun orí. A lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin níbi tó ti fẹ̀, á sì máa sọ agbára tó ń gba ibẹ̀ kọjá.

Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Wọ́n ti ń ṣe é níbòmíràn. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sẹ́ni tó ráyè rẹ̀, nítorí sùúrù tó ń gbà pọ̀. Ènìyàn á fọ ojú irin, á ha á, á lẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ni á wá máa fa irin kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀ kó lè mọ bí wáyà tó wà lára rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀. Jẹ́jẹ́, Mọ́mì. Ẹ̀rọ tó ń rìn jẹ́jẹ́ gan-an ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Ká ní fáàfù ò bàjẹ́ ni, eré ni n bá ṣì máa sá lójoojúmọ́, tí n ó máa ka eyín ayùn.

Fáàfù tuntun ti dé. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni a máa fa irin náà pẹ̀lú eré. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní òun á dúró tì mí. Bí ìlà wáyà mi bá gbọ̀n, tàbí tí kò bá ga ju ti ìrọra lọ, kó tó di ìparí oṣù ni n ó ti wà nínú yàrá tí ẹ gbá yẹn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń bẹ̀ yín. Ẹ má sọ fún Díákónì.

Máyọ̀wá yín.


Aachen,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, 2024.

Mọ́mì,

Ó le sí i.

A fà á lánàá. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti já. Kọ̀ǹpútà ronú díẹ̀, ó wá ya ìlà méjì. Ti rìímù òkè yọ eyín bíi ti àtijọ́. Ti wáyà mi gòkè kedere, ó tẹ́jú bí títì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí. Ó sì ga ju ti ìrọra lọ. Kò ga tó bí mo ṣe ń fẹnu sọ tẹ́lẹ̀, ó yẹ kí n sọ òótọ́ fún yín. Irin tó ti le látilẹ̀, eré ò lè fi kún un tó bó ṣe ń fi kún irin tó rọ̀. Ṣùgbọ́n ó le sí i.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ká fa òmíràn. A fà á. Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní ká tún fa òmíràn. Nígbà tí a to àwọn ìlà náà léra, ẹ ò lè mọ èwo ni àkọ́kọ́, èwo ni ìkẹyìn.

Ó wá ní, "Adéwùnmí, ibo lo ti kọ́ irú sùúrù yìí?"

Mo ní ìjọ kan ní Nàìjíríà ló bá mi gbà á ládùúrà. Ó rò pé mò ń ṣàwàdà.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé àdéhùn mi lọ kí wọ́n buwọ́ lù ú. Àwọn tó ń ṣe mọ́tò ti ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ rí ìlà náà. Lóṣù kejì ọdún tó ń bọ̀ ni n ó gbèjà ìwé ìwádìí mi níwájú àwọn tó máa dán mi wò fún oyè dókítà, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì ní òun ò rí ẹni tó máa lè bì mí ṣubú.

Ẹ lè kó iṣu yín padà.

Máyọ̀wá.


Fìdítì,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá, 2024.

Àjọkẹ́, ọmọ tó já irin,

Mo ti kó iṣu padà.

Mo gbìyànjú láti má sọ fún Díákónì. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Ìyá Ànúolúwapọ̀ ni mo sọ fún, ìyẹn sì dà bí ìgbà tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọjà. Nígbà tó fi di ọjọ́ Àìkú, Díákónì ti wà lórí ìdúró, agbádá ti wà léjìká. "Ṣé ẹ rí i," ó ní, "ìdí tí mo fi kọ̀ láti gba àṣẹ náà padà? Mo ti ríran wo oṣù kẹwàá láti oṣù kẹrin."

Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Mo wá dìde. Mo ní ẹ̀rí tèmi ò gùn: èmi ṣi ẹ̀bẹ̀ bẹ̀, Díákónì gbàdúrà lórí ohun tí kò yé e, Ọlọ́run bojú àánú wo àwa méjèèjì, ọmọ mi ló sì ṣe iṣẹ́. Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Díákónì gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín já agbádá bọ́ sílẹ̀ léjìká rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn ó fún mi ní àpò ọsàn kan, ó ní ti ẹ̀rọ ni. Ìyá Ànúolúwapọ̀ ṣì ń béèrè aláwọ̀ pupa. Mo ní gbogbo rẹ̀ lo ti fà ya.

Lánàá mo rìn lọ sílé-ìwé. Wọ́n ti fi agogo oníná sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì, ó dára lójú púpọ̀, àìsí iná ni kì í jẹ́ kó dún. Rìímù wa ṣì wà lára igi máńgòrò. Ọ̀gá ilé-ìwé, ọ̀dọ́mọkùnrin onítáì kan, jáde wá bi mí pé kí ni Màmá ń fẹ́.

"Mo fẹ́ lu agogo fún akẹ́kọ̀ọ́ mi kan."

"Màmá, àsìkò ò tíì tó."

"Ọ̀gá, ó ti tó."

Mo gbé ọ̀pá irin, mo lù ú lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe jẹ́jẹ́. Gbogbo eré tó kù lápá mi ni mo kó lé e. Àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí igi, àwọn ọmọ yọrí lójú fèrèsé, ọ̀gá onítáì fọwọ́ bo etí.

Mi ò fọwọ́ dì í mú. Mo dúró tì í lábẹ́ igi níbẹ̀, títí ó fi sọ tirẹ̀ tán.

Ìyá rẹ,
Josephine Adéwùnmí.